Sókẹ́ẹ̀tì Wo Ló Bá Nọ́ọ̀tì Táyà Ẹ̀yìn Mu? Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn Nọ́ńbà Ara Sípánà

Ẹ dúró díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì alùpùpù èyíkéyìí ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Ẹ ó gbọ́ tí ọ̀gá ń pe nọ́ńbà fún ọmọṣẹ́: "Gbé fọ́tíìn wá. Mú náíntíìn. Rárá o, tuẹ́ńtì-tú ni." Ọmọṣẹ́ kì í béèrè pé 19 kí ni. Lójú tirẹ̀, orúkọ irin ni, bí Táíwò àti Kẹ́hìndé ṣe jẹ́ orúkọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n mìlímítà 19 ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìyẹn fífẹ̀ ẹnu sípánà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí mìlímítà tó di ohun tí a ń pè ní ṣọ́ọ̀bù wa, íńṣì ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kò sì tíì kó ẹrù rẹ̀ kúrò tán títí di òní.

Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi sọ ìtàn yìí: èyí tó wà ní táyà ẹ̀yìn, tó di ọ̀pá tó gba àárín táyà kọjá mú. Bí ṣéènì bá dẹ̀, òun la máa kọ́kọ́ tú. Bí táyà bá jò, òun ni. Nínú gbogbo nọ́ọ̀tì ara alùpùpù, ó wà lára àwọn tí a ń tú jù, ó sì wà lára àwọn tí a ń fún le jù. Bí sókẹ́ẹ̀tì tí a kì bọ̀ ọ́ bá fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ á yó. Nígbà tó bá yó tán, òòlù àti ṣísù ló kù. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá sì ti fi òòlù lù kì í ṣeé fún le dáadáa mọ́. Táyà á yẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ṣéènì á máa wá ọ̀nà àtibọ́, èrò méjì á sì wà lẹ́yìn ọlọ́kadà lójú títì márosẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìlímítà kan tàbí ìdajì rẹ̀ lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Kí ló wá dé tí nọ́ọ̀tì kan fi ní sókẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jọ pé ó bá a mu, tó sì jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló tọ́?

Íńṣì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni tíréèdì tirẹ̀ wà. Bí wọ́n bá gé bóòtù, wọ́n á gé nọ́ọ̀tì tirẹ̀ tì í, àwọn méjèèjì á sì di tọkọtaya. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni èyí. Alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa náà, ojú ọkọ́ tó bá rọ ni wọ́n máa ń gbẹ́ èèkù sí, èèkù oko ẹlòmíì sì lè má gbà á. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ṣe é bá wà nítòsí, kò sí wàhálà. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá rìn jìnnà sí ẹni tó ṣe é ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà.

Joseph Whitworth, ẹni tí wọ́n bí ní Stockport ní 1803, tó sì ní iléeṣẹ́ ní Manchester, ló mú àbá kan wá síwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ní 1841. Ó ní kí gbogbo tíréèdì jẹ́ igun dígírì 55, kí iye eyín tó wà nínú íńṣì kan sì jẹ́ ọ̀kan náà fún bóòtù tó bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é. Àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè àti ti ẹ̀rọ gba àbá náà, ó sì di àṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti gbogbo ibi tí ìjọba wọn dé.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n Whitworth ní ìdẹkùn kan. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára sípánà rẹ̀ kì í ṣe fífẹ̀ ẹnu sípánà. Fífẹ̀ ara bóòtù ni. Sípánà 1/2 Whitworth kò ní ẹnu ìdajì íńṣì rárá. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ íńṣì 0.92, ìyẹn mìlímítà 23.4. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún dín orí àwọn bóòtù náà kù láti fi ṣọ́ irin ná. Bóòtù 1/2 tuntun wá ń lo sípánà tó ti jẹ́ ti 7/16 tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ra alùpùpù BSA tàbí Triumph àtijọ́ lónìí ṣì máa bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé.

Íńṣì ti Amẹ́ríkà

Ẹ ó rò pé ẹni tó ń lo íńṣì á lè bá ẹni tó ń lo íńṣì ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1864, William Sellers ní Philadelphia gbé tíréèdì tirẹ̀ kalẹ̀, igun dígírì 60, nítorí ó rọrùn láti gé ju 55 lọ. Amẹ́ríkà gbà á. Láti ìgbà náà, íńṣì ti di méjì: bóòtù Amẹ́ríkà àti nọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì kò bá ara wọn mu dáadáa, sípánà wọn náà kò sì jọra, nítorí fífẹ̀ ẹnu gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ sára tiwọn.

Ohun tí àìfohùnṣọ̀kan lórí ìwọ̀n lè fà hàn kedere ní Baltimore ní oṣù Kejì 1904. Iná ńlá sọ nínú ìlú. Àwọn panápaná wá láti Washington, Philadelphia àti New York. Omi wà, ẹ̀rọ wà, ènìyàn wà. Ṣùgbọ́n ẹnu rọ́bà púpọ̀ nínú wọn kò wọ ẹnu ẹ̀rọ omi Baltimore, nítorí ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ilé tó jóná lé ní 1,500.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí iléeṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú Merlin ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní láti ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n á fi gé tíréèdì Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Lẹ́yìn irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà fọwọ́ sí tíréèdì kan náà ní oṣù Kọkànlá 1948.

Ọwọ́ Amẹ́ríkà yìí kan náà ni sókẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀ lónìí ti gba ìrísí rẹ̀. Ṣáájú, sókẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní ọwọ́ tirẹ̀ lára. Ní 1920, Joseph Johnson ní Milwaukee rò ó pé kí ọwọ́ márùn-ún máa bá sókẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè máa pààrọ̀ ara wọn. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ kò gbà, òun àti William Seidemann bá dá tiwọn sílẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ni Snap-on. Ihò onígun mẹ́rin tó wà lẹ́yìn sókẹ́ẹ̀tì, tí ọwọ́ ń wọ̀, íńṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: 1/4, 3/8, 1/2, 3/4. Gbogbo ayé tẹ̀ lé e. Ẹ lọ wo sókẹ́ẹ̀tì 19 tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tí wọ́n ń tà ní ọjà Araromi ní Agodi Gate. Ẹnu rẹ̀ ń sọ mìlímítà, ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ íńṣì.

Mìlímítà, àti orí mẹ́ta lórí ọrùn kan

Ní 1898, àwọn aṣojú láti ilẹ̀ Yúróòpù pàdé ní Zürich, wọ́n sì fẹnu kò lórí tíréèdì onímìlímítà. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ISO sílẹ̀ ní 1947, ó tẹ̀ síwájú láti di ti gbogbo àgbáyé. Bóòtù M12 jẹ́ mìlímítà 12 ní ara, ì báà jẹ́ Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ì báà jẹ́ Japan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni orí. Wọ́n fẹnu kò lórí ara bóòtù, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ wọn kò fẹnu kò lórí fífẹ̀ orí bóòtù àti ti nọ́ọ̀tì. Ẹ wo M12 yìí. Nínú ìwọ̀n DIN ti Jámánì, nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń lo sípánà 19. Nínú ti ISO, 18 ni. Nínú ti Japan, irú olórí kékeré tí wọ́n ń lò lára ọkọ̀, 17 ni. M14 náà ń lo 22 ní Jámánì, 21 ní ISO, 19 ní Japan. Èyí ni ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè wo bóòtù kó sì búra pé òun mọ sókẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó lè mọ ọrùn kó má mọ fìlà.

Bí gbogbo wọn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Rélùwéè tó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ní 1901, ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bá a wá. Kẹ̀kẹ́ Raleigh náà bá a wá, alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bá a wá. Íńṣì ni àwọn àgbà mẹkáníìkì fi kọ́ṣẹ́.

Lẹ́yìn òmìnira, orílẹ̀-èdè yìí yí ohun púpọ̀ padà láàárín ọdún díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, a kúrò ní apá òsì títì, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn. Ní 1974, òfin ìwọ̀n tuntun jáde, mítà àti kílò sì di ti ìjọba. Àmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, alùpùpù Japan ló kọ́ ènìyàn ní mìlímítà ju òfin lọ. Honda ti gbé Super Cub jáde ní 1958, wọ́n sì dá iléeṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979. Ẹni tó bá fẹ́ tún Honda, Yamaha tàbí Suzuki ṣe gbọ́dọ̀ ra sípánà onímìlímítà.

Nígbà tí ètò SAP ti 1986 sọ mọ́tò di ohun ọ̀wọ́n, àwọn ènìyàn yíjú sí alùpùpù láti fi gbèrò. Orúkọ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni wọ́n fi ń pè é ní àwàdà títí ó fi di orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ti Ṣáínà dé, bíi Jincheng, àti Bajaj ti Íńdíà, iléeṣẹ́ tó bá Kawasaki ti Japan da iṣẹ́ pọ̀ ní àwọn ọdún 1980. Alùpùpù kan lè wá láti iléeṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Japan, kí wọ́n pààrọ̀ nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ sí èyí tí wọ́n rà ní Nnewi, kí nọ́ọ̀tì náà sì jẹ́ olórí irú ti Jámánì. Ohun tó jẹ́ 19 ní ọjọ́ tí wọ́n rà á lè ti di 22.

Bí a ṣe ń yan èyí tó tọ́

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ni kí a wọ̀n, kì í ṣe bóòtù, kì í ṣe orúkọ ara táǹkì. Vernier tí a fi ṣeré nínú kíláàsì fíṣíìsì ló wúlò jù: ẹ fi í mú ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síra, kì í ṣe igun sí igun. Bí kò bá sí Vernier, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sókẹ́ẹ̀tì tó kéré, kí ẹ máa gòkè. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé láìjẹ́ pé a fi tipá kì í ni tirẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀ á dúró sórí èyí tó fẹ̀ jù.

Ẹ ṣọ́ra fún sókẹ́ẹ̀tì oníńṣì tó bá wà nínú àpótí. 3/4 jẹ́ mìlímítà 19.05, nítorí náà ó lè ṣiṣẹ́ 19 láìsí ìjà. 7/8 jẹ́ 22.2, ó fẹ̀ díẹ̀ ju 22 lọ. 11/16 jẹ́ 17.46, ó ti fẹ̀ jù fún 17. 15/16 jẹ́ 23.8, kò ní wọ 24, íńṣì kan gbáko sì jẹ́ 25.4, èyí tí yóò jẹ igun 24 run. Lórí nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, sókẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́fà dára ju olójú méjìlá lọ, nítorí ó ń di ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì mú, kì í ṣe ṣóńṣó igun nìkan. Ẹ má sì gbàgbé pé orí ọ̀pá ní apá kejì lè ní ìwọ̀n tirẹ̀. Sípánà kan gbọ́dọ̀ di ibẹ̀ mú nígbà tí èkejì bá ń tú.

Ohun tí ìtàn yìí ń sọ

Àwọn àgbà ní àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé ó gún. Whitworth kò ní irin tó dára ju ti ẹlòmíì lọ ní 1841. Ohun tó mú wá ni àdéhùn. Baltimore kò ṣaláìní omi. Àdéhùn ni wọn kò ní. Ní tiwa, kò sí ìgbà kan tí wọ́n bi mẹkáníìkì wa léèrè pé ìwọ̀n wo ló fẹ́. Ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ ní èbúté ló ń yàn fún un, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn a sì yàn òmíràn. Síbẹ̀, òun náà ló ń fi owó ara rẹ̀ ra sókẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wọn, tó ń kọ́ ọmọṣẹ́ láti dá 17 mọ̀ yàtọ̀ sí 18 nípa fífọwọ́ bà á.

A ti ní àjọ tó ń rí sí ìwọ̀n ọjà láti 1971, ìyẹn SON. Lára wa nínú ẹ̀ka ẹnjiníà ni àwọn tó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bí wọ́n bá jókòó láti pinnu irú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn tí a ó máa gbà wọlé, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n pe mẹkáníìkì kan sí ìpàdé náà. Ó mọ̀ ju ìwé lọ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀tì bá yó.