Ṣé Lupus Ṣọ̀wọ́n Lóòótọ́ Nílẹ̀ Wa?

Ní ọdún 1968, Brian Greenwood, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, gbé iye kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Lancet. Nínú 98,454 ènìyàn tí ilé ìwòsàn kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá dúró fún ìtọ́jú láàárín 1957 sí 1966, 104 péré ló ní irú àìsàn tí àwọn ọmọ-ogun ara ti ń bá ara jà: ọdẹ tí a gbà pé kó ṣọ́lé wá ń yìnbọn lu onílé. Greenwood ní ó lè jẹ́ ibà àti aràn tó ń bá wa fínra ni kò jẹ́ kí ọdẹ náà ráyè ṣìnà. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kòkòrò ibà sára eku tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe. Àìsàn náà sì rọlẹ̀.

Èmi kò bá eku jà. Ohun tí mo ń bá jà ni kí a máa ka iye tí ilé ìwòsàn dá mọ̀ bí ẹni pé iye àwọn tí àìsàn ń ṣe ni. Ẹ wo bí lupus, ọ̀kan nínú irú àìsàn yìí, ṣe ń wọlé: ara á máa gbóná, oríkèé á máa ro, irun á máa já, á sì máa rẹ ènìyàn ṣáá. Nílẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, oògùn ibà la ó kọ́kọ́ lò, a ó tún un lò, kí ẹnìkan tó dárúkọ aromọléegun, kí ẹlòmíràn tó ní ọwọ́ ayé ni. Bí ẹsẹ̀ bá wá wú, tí kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀, àìsàn kíndìnrín ni wọn yóò kọ sílẹ̀.

Ẹ fi àtọ̀gbẹ wé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ẹbí àìsàn yìí. Oríṣi kìíní, níbi tí ọmọ-ogun ara ti ń pa ohun tó ń pèsè insulin run, ló bá a tan. Síbẹ̀ tẹrú-tọmọ ló mọ àtọ̀gbẹ, torí ẹ̀rọ kékeré kan àti ẹ̀jẹ̀ orí ìka ti tó láti fura sí i. Lupus kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ owó, yàrá àyẹ̀wò, àti dókítà tó mọ ohun tó ń wá.

Níbi tí irú dókítà bẹ́ẹ̀ bá wà, iye á yí padà. Adelowo àti Oguntona ròyìn ní 2009 pé nínú 1,250 aláìsàn oríkèé ní ilé ìwòsàn kan ní Èkó, 66 ní lupus. Mo gbà, àwọn tó ti ń wá dókítà oríkèé kiri nìyẹn, kì í ṣe ará ìlú lápapọ̀. Àléébù tí mo rí lára iṣẹ́ Greenwood kò yọ èyí sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dìídì to orúkọ aláìsàn jọ ní agbègbè mélòó kan, lupus ń ṣe nǹkan bí 231 nínú 100,000 obìnrin adúláwọ̀, àti 85 nínú iye kan náà láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ni púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá adúláwọ̀ wọ̀nyí ti wá. Bóyá ibà tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ló fa ìyàtọ̀ àárín àwa àti àwọn, bóyá àwa ni a kò tíì kà á láti ojúlé dé ojúlé.