Ọmọ Maxim àti Ìbọn Tí Kò Pariwo

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1936, ọkùnrin ẹni ọdún 66 kan kú sí La Junta, ìlú kékeré kan ní apá gúúsù ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Colorado. Kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀, Califóníà ló ń lọ, àìsàn ká a mọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sì dìde mọ́. Hiram Percy Maxim ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọdẹ tí ń wá sọ́dọ̀ mi ní Denver kì í mọ̀ pé ìpínlẹ̀ tiwọn ló kú sí, bẹ́ẹ̀ nǹkan tí ọkùnrin náà ṣe ló wà lẹ́nu ìbọn ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Etí ni mo ń yẹ̀ wò, òun ni iṣẹ́ mi. Bí àsìkò ọdẹ elk, ẹran igbó ńlá ibí, bá ti parí nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́kọ̀ọ̀kan: etí wọn ń hó, wọn kì í gbọ́ ohun tí ìyàwó wọn ń sọ, àwọn ọmọ kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ti wo ìwé àyẹ̀wò, mo ti mọ ọwọ́ tí ẹni náà fi ń yìnbọn kó tó sọ fún mi. Ẹni tó bá ń gbé ìbọn lé èjìká ọ̀tún, etí òsì rẹ̀ ló máa ń bàjẹ́ jù, torí òun ló kọjú sí ẹnu ìbọn. Orí fúnra rẹ̀ ló ń ṣíji bo ti ọ̀tún. Ohun tó bá ti bàjẹ́ nínú etí lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í hù padà. Ibẹ̀ ni mo gbà wọ inú ìtàn yìí, mi ò gba ọ̀nà ìgbẹ́ wọlé. Mi ò tíì pa ẹran kan rí.

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, baba lẹ óò kọ́kọ́ mọ̀ kí ẹ tó mọ ọmọ. Hiram Stevens Maxim, tí wọ́n bí sí ìpínlẹ̀ Maine, ló ṣe ìbọn arọ̀jò-ọta ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1884, èyí tó ń yìn tó ìgbà 600 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn náà wá bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún làwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú, ìbọn Snider wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti gbọ́kàn lé odò Yemọji pé àlejò kò ní lè sọdá. Lọ́jọ́ kejì ni Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí mo wà ní kékeré, orúkọ Maxim ò yàtọ̀ sí orúkọ àjàkálẹ̀ àrùn létí wa. Ìgbà tí mo dé Amẹ́ríkà ni mo tó mọ̀ pé ó bímọ, pé ó fi ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Yúróòpù tí kò sì padà wá bá wọn gbé, àti pé ìbọn tó ṣe yẹn ló sọ òun fúnra rẹ̀ di adití lọ́jọ́ ogbó. N kò ní purọ́, ìyẹn dùn mọ́ mi díẹ̀.

Ọmọ yìí ló wá lọ ṣe ohun tó ń pa ẹnu ìbọn mọ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ìlú Hartford ní Connecticut ló ń gbé, ó ti bá àwọn tó ń ṣe mọ́tò ṣiṣẹ́ nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ayé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 1909 ni ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí sàlẹ́ńsà ìbọn. Agolo irin lásán ni bí ẹ bá wò ó láti òde, wọ́n ń yí i mọ́ ẹnu ìbọn. Bí ẹ̀tù bá jó, èéfín gbígbóná tó ti ọta síwájú ló máa ń tú jáde lójijì, òun ló ń dún gbàù. Nínú agolo Maxim, irin pẹlẹbẹ tó tẹ̀ wà nítòtẹ̀léra, ihò wà láàárín wọn. Ọta á gba inú ihò kọjá gbọnrangandan. Èéfín ò ní rọ́nà bẹ́ẹ̀, á máa pòyì, á máa tutù, kó tó yọ́ jáde. Maxim fúnra rẹ̀ ní omi tó ń pòyì wọnú ihò ibi ìwẹ̀ ló fún òun ní ọgbọ́n náà. Sàlẹ́ńsà tó wà nísàlẹ̀ mọ́tò yín ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún èéfín ẹ́ńjìnnì, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì fi ti ẹ́ńjìnnì yẹn náà jẹun nígbà tó yá.

Ìbọn tí kò pariwo rárá tí ẹ ń wò nínú fíìmù, irọ́ ni. Ìbọn ńlá tí wọ́n fi ń pa elk máa ń dún kọjá 160 dẹ́síbẹ́lì. Agolo yìí lè yọ bíi 20 sí 35 kúrò níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, torí bí 30 bá kúrò, agbára ariwo náà ti di ìdá kan nínú 1,000. Síbẹ̀ ohun tó ṣẹ́kù ṣì le ju ti ẹ̀rọ tí ń gé igi lọ. Ọta fúnra rẹ̀ tún ń dún lójú ọ̀nà: ó ń sáré bíi 900 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn kì í sì í sáré ju nǹkan bíi 340 lọ, nítorí náà ó ń ya afẹ́fẹ́ pàrà bó ti ń lọ. Kò sí agolo tó lè mú ìyẹn. Ẹran gbọ́ pàrà náà. Ibi tó ti wá ni kò mọ̀.

Àwọn ará ìgbà Maxim kò bẹ̀rù agolo rẹ̀. Dọ́là díẹ̀ ni wọ́n ń tà á, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Theodore Roosevelt, ààrẹ tó ti fẹ̀yìn tì, gbé e sẹ́nu ìbọn Winchester rẹ̀ ní ilé rẹ̀ ní Sagamore Hill kí ó má baà dí àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ ké gbàjarè ni àwọn tó ń ṣọ́ ẹran igbó. Ìpínlẹ̀ Maine, ilé baba Maxim gan-an, fòfin dè é nínú ọdún 1909 kan náà. Mo mọ ìdí rẹ̀: etí ni ẹ̀ṣọ́ igbó fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá gbọ́ gbàù lọ́nà ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti máa yìnbọn, ibẹ̀ ló ń gbà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìbọn aláriwo ti ṣe kí agolo tó dé. Ẹ̀yà àgbọ̀nrín ni elk, ó kàn tóbi ju ti wa lọ jìnnà ni: akọ rẹ̀ máa ń wúwo tó 300 kílò àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwo orí rẹ̀ á wó lọ́dọọdún, á tún hu òmíràn tó tóbi. Àwọn onímọ̀ fojú díwọ̀n pé bíi mílíọ̀nù 10 ló wà ní Àríwá Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, iye tó kù kò tó 100,000. Àwọn ọdẹ ọlọ́jà ló pa wọ́n, tí wọ́n ń fi ẹran bọ́ àwọn awakùsà àti àwọn tó ń la ọ̀nà rélùwéè. Èyí tó burú jù lójú mi ni ti eyín. Elk ní eyín méjì lókè ẹnu tó rí funfun bí eyín erin, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1868, tí wọ́n sọ ara wọn ní Elks, sì ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara. Ni àwọn ènìyàn ń wọ inú òkè Wyoming lọ, wọ́n á pa ẹran tó tó màlúù, wọ́n á yọ eyín méjì, wọ́n á fi òkú sílẹ̀ fún kannakánná. Kò sí sàlẹ́ńsà kankan nínú gbogbo ìyẹn. Ariwo rẹ̀ ń ro láti òkè dé òkè, kò sì sẹ́ni tó dá wọn dúró.

Colorado tiwa dákẹ́ pátápátá fún ìgbà kan. Wọ́n ti ọdẹ elk pa ní ọdún 1903, kò sì ṣí títí di ọdún 1929. Ní ọdún 1913 àti 1914, wọ́n kó elk 49 láti Yellowstone wá sí Estes Park, torí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀kan mọ́ níbẹ̀. Lónìí, Colorado ló ní elk jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, bíi 280,000. Bí ẹ bá lọ sí Estes Park nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ óò bá wọn láàárín títì, níwájú ilé oúnjẹ, akọ á na ọrùn sókè á ké igbe kan tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀fun tó sì parí sí súfèé. Àwọn ọmọ mi rò pé ìlú ló ń sìn wọ́n. Àwọn ọmọ ọmọ ẹran àjòjì ni púpọ̀ nínú wọn o, bíi ti àwọn ọmọ náà.

Ọdún 1934 ni ìjọba àpapọ̀ wá gbé òfin ìbọn tirẹ̀ dé. Àwọn jàǹdùkú Chicago àti ìbọn arọ̀jò-ọta wọn ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n ń jíròrò rẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n sọ nípa sàlẹ́ńsà, síbẹ̀ wọ́n kó o mọ́ ọn. Dọ́là 200 ni owó orí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún nǹkan tí iye rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Ilé iṣẹ́ Maxim ti fi ti ìbọn sílẹ̀ ṣáájú àkókò yẹn, wọ́n ti gbájú mọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì. Ọdún méjì lẹ́yìn òfin náà ni Maxim kú sí La Junta. Dọ́là 200 yẹn kò yí padà fún ohun tó lé ní 90 ọdún, títí tí òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2025 fi sọ ọ́ di òfo láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Fọ́ọ̀mù, àwòrán àti ìtẹ̀ka ṣì wà.

Inú mi dùn sí agolo yìí, ẹ má ṣi mí gbọ́. Àwọn kan ń lo irin oníhò lẹ́nu ìbọn dípò rẹ̀ kí ìbọn má baà ta wọ́n léjìká; irin yẹn ń da ariwo padà sójú ẹni tó ń yìn ín àti ẹni tó jókòó tì í. Mo ti rí etí àwọn ọ̀rẹ́ ọdẹ tí kò yìn ìbọn kankan lọ́jọ́ náà. Sàlẹ́ńsà máa ń dín títa kù láìṣe báyẹn. Ọdẹ kì í dijú, kì í gbọ̀n, ó ń rí ibi tí ọta bà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wá wà. Ìbọn tí kì í ta ni, tí kì í dẹ́rù ba ẹni tó ń yìn ín, ló ń jẹ́ kí ènìyàn máa wo ọ̀nà jíjìn. Yíyìn jìnnà kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ yìí: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1874, àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará Ireland díje ní pápá Creedmoor ní New York, láti yáàdì 800 dé 1,000, Amẹ́ríkà sì fi 934 lu 931. Pátákó ni wọ́n ń yìn, pátákó kì í rìn. Àwọn tó ń ṣọdẹ ní Colorado nígbà náà ò ní awò tó ń ka yáàdì. Ìgbà tí awò oníléésà dé ọwọ́ àwọn ọdẹ láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni gbogbo nǹkan yí padà, tí ọdún 2007 sì tún mú ọta kan wá tó ń jẹ́ orúkọ Creedmoor.

Ẹ wo ìṣirò yáàdì 600. Ọta á wà lófuurufú fún bíi ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, elk lè gbé ẹsẹ̀ kan láàárín ìyẹn. Á sọ̀ kalẹ̀ ju ìdúró ènìyàn lọ. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ máìlì 10 láàárín wákàtí kan láti ẹ̀gbẹ́ lè tì í kọjá ìdajì mítà, ibi tí ọta gbọ́dọ̀ wọ̀ lára ẹran náà kò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdẹ ìlú wa ń yọ́ lọ pẹ̀lú ṣakabùlà títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ èémí ẹran. Ṣakabùlà ò gbà wọ́n láàyè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ ọdẹ Boone and Crockett, tí Roosevelt yẹn dá sílẹ̀ ní ọdún 1887, ti sọ ọ́ ní gbangba pé yíyìn láti ibi tí ẹran kò lè fura kì í ṣe ọdẹ. Idaho ní kí ìbọn ọdẹ má wúwo ju pọ́ùn 16 lọ, èyí tó ń dá àwọn ìbọn ńláńlá padà. Ìwúwo ni ìyẹn náà ń wọ̀n, kì í ṣe jíjìn. Ní Colorado, ẹ óò rí bí ọta ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, ẹ óò rí àwọ̀ aṣọ tó yẹ kí ọdẹ wọ̀, yálà ọsàn tàbí pínkì. Iye yáàdì tí ọdẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá kò sí níbẹ̀.

Àádọ́rùn-ún ọdún ó lé ni ìjọba fi gba owó lórí ìdákẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ elk tí ẹnikẹ́ni bá yìn ní ìtòsí, pẹ̀lú agolo tàbí láìsí, máa ń ṣubú níbi tó wà tàbí kí ọdẹ rí ibi tó sá gbà. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn mi, àgbẹ̀ ọlọ́sìn màlúù ni, yìnbọn sọdá àfonífojì kan nínú oṣù Kẹwàá. Wákàtí méjì ló fi rìn yípo kó tó dé òdìkejì. Etí rẹ̀ kò bàjẹ́ sí i rárá, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹran náà ni kò bá.