Múdà Lawal: Ọmọ Ẹ̀gbá tí Ìbàdàn Kò Pè ní Àjòjì

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, ọdún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Murtala Mohammed pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ìbàdàn tó ti jẹ́ olú-ìlú fún gbogbo wọn di olú-ìlú Ọ̀yọ́ nìkan. Abẹ́òkúta di olú-ìlú Ògùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n gba ìpínlẹ̀ baba wọn lọ. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè "ọmọ ìpínlẹ̀ wo ni ọ́?" ti túbọ̀ gbilẹ̀ láàrin Yorùbá, kò sì tíì kúrò nílẹ̀ dòní.

Ohun kan wà tí ààlà tuntun náà kò rí pín: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn. Iléeṣẹ́ ìjọba ló ni ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún un. Ọ̀kan nínú wọn ni Mudashiru Babátúndé Lawal, tí gbogbo ayé ń pè ní Múdà, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, ọdún 1954.

Mẹkáníìkì ni kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn. Múdà kọ́ tirẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Àárín pápá ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí ènìyàn ti ń sáré lọ sáré bọ̀ kí ẹlòmíràn lè gba ìyìn.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìbàdàn yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1862, Ẹ̀gbá dúró lẹ́yìn Kúrunmí, wọ́n bá Ìbàdàn jà. Ní 1877, wọ́n tún ti ọ̀nà tí ọjà etí òkun ń gbà dé Ìbàdàn. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ Ẹ̀gbá ni Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹ́yẹrunkà, níbi tí agbo ilé àwọn ológun àtijọ́ ṣì wà, ń hó yèè fún. "Sóótìn" ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà (ahọ́n Ìbàdàn àti "ṣ" kò rẹ́), ẹni tó bá sì ti wọ aṣọ Sóótìn ti di ọmọ onílé.

Lọ́dún ìpínyà yẹn gan-an ni Sóótìn gba ife ẹ̀yẹ àwọn agbife Áfíríkà. Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ Roger Milla nígbà náà, ni wọ́n jọ wọ àṣekágbá. Tonnerre ló gba ife náà lọ́dún tó ṣáájú. Sóótìn gbá góòlù 4 wọlé sí 1 ní Ìbàdàn, wọ́n fi góòlù 1 lu Sóótìn ní Yaoundé, ọ̀rọ̀ parí sí 4 sí 2. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú wọn.

Múdà bá Nàìjíríà lọ sí Ife Áfíríkà márùn-ún léra: 1976, 1978, 1980, 1982 àti 1984. Ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ sí ti 1980. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0. Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà gbá ẹ̀kẹta. Ife náà ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Ẹni tó rántí pé inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní Ìbàdàn ni góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá kò pọ̀. Orúkọ Ọdẹ́gbàmí ló sì pọ̀ jù lẹ́nu, èyí tí kò yani lẹ́nu: ẹni tó gbá méjì la kọ́kọ́ ń rí.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Abidjan, Nàìjíríà tún wọ àṣekágbá pẹ̀lú Cameroon. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, Múdà ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Cameroon dá mẹ́ta padà. Àṣekágbá méjì, góòlù kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, látọwọ́ ẹni tí kì í ṣe iwájú ló ń gbá.

Ó fi Ìbàdàn sílẹ̀ lẹ́yìn 1984, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stationery Stores ní Èkó, ó sì dé Abiola Babes, ẹgbẹ́ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ní Abẹ́òkúta, ìlú rẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 1991 ló kú, ní ọmọ ọdún 37.