Láti Baudot dé Báìtì: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣírò Ìyára Dátà

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ iye báìtì tó wà nínú 2,400 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdáhùn méjì ló máa bá nínú ìwé. Àwọn kan ní 300 ni, àwọn kan ní 240. Àwọn mìíràn tún kọ baud síbi tó yẹ kí bíìtì wà, ọ̀rọ̀ á wá dà rú pátápátá. Ohun tó fọ́n káàkiri sínú ìwé àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù, ti àwọn oníkọ̀ǹpútà àti ti àwọn tó ń ṣe díìsìkì ni mo kó jọ síhìn-ín, ká lè mọ èyí tó tọ̀nà àti ìgbà tó tọ̀nà.

Láyé Morse, iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń kà; bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá ṣe yá tó ni wáyà ṣe ń yá tó. Ní 1874 ni Émile Baudot, òṣìṣẹ́ tẹ́lígíráàfù nílẹ̀ Faransé, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń fi àmì márùn-ún tó gùn dọ́gba gbé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ti yọ baud ní àwọn ọdún 1920: àmì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni baud kan. Ẹ̀rọ télẹ́ẹ̀sì ń lo 50 baud. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àmì ìbẹ̀rẹ̀ kan, àmì márùn-ún tirẹ̀, àti àmì ìparí tó gùn tó ọ̀kan àtààbọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 7.5. Ẹ fi 7.5 pín 50, kí ẹ sọ ọ́ di ti ìṣẹ́jú kan, 400 lẹ́tà ló máa jáde. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì jẹ́ lẹ́tà márùn-ún pẹ̀lú àlàfo kan, bí wọ́n ṣe máa ń kà á nígbà náà, a ní ọ̀rọ̀ 66 àti díẹ̀.

Ọdún 1948 ni bíìtì wọ inú ìwé, nínú iṣẹ́ Claude Shannon, tó sọ fúnra rẹ̀ pé John Tukey ló dábàá orúkọ náà. Ti báìtì, Werner Buchholz ní IBM ni wọ́n máa ń dárúkọ fún, ní 1956. Awuyewuye lórí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò yí ìṣirò kankan padà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Iye bíìtì inú báìtì kò tíì dúró sójú kan nígbà yẹn; System/360 tí IBM gbé jáde ní 1964 ló sọ mẹ́jọ di àṣà.

Ọ̀dọ̀ módẹ́ẹ̀mù ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Bell 103 ti 1962 ń lo 300 baud, 300 bíìtì náà ló sì ń gbé, torí bíìtì kan ló wà lórí àmì kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn wá gbà pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Nígbà tí Bell 212A dé, 600 baud ló ń lò, ó sì ń gbé bíìtì méjì lórí àmì kọ̀ọ̀kan: 1,200. V.22bis kò kúrò ní 600 baud, àmọ́ bíìtì mẹ́rin ló ń gbé: 2,400. Síbẹ̀ àwọn tó ń polówó ọjà ń pè é ní módẹ́ẹ̀mù 2,400 baud. Irọ́ gbáà ni.

Báwo wá ni 2,400 ṣe di 240? Ẹ wo lẹ́tà A, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ASCII jẹ́ 65. Bíìtì 0 kan ló máa ṣíwájú, láti kéde pé nǹkan ń bọ̀. Mẹ́jọ tirẹ̀ á tẹ̀ lé e, láti èyí tó kéré jù: 1, 0, 0, 0, 0, 0, 1, 0. Bíìtì 1 kan á wá ti ilẹ̀kùn. Mẹ́wàá ló gba orí wáyà kọjá kí báìtì kan tó dé. Díìsìkì pẹlẹbẹ 1.44 tó bá kún ní báìtì 1,474,560. (1.44 yẹn gan-an, àdàlù ni: 1,440 lọ́nà 1,024.) Fi mẹ́wàá pín bíìtì 2,400, ẹrù náà á gba ìṣẹ́jú 102. Fi mẹ́jọ pín in, wàá máa retí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 82, wàá sì máa bú módẹ́ẹ̀mù tí kò ṣẹ̀ ọ́. Teletype 33, tó ń lo 110 baud, tilẹ̀ ní bíìtì ìparí méjì, mọ́kànlá la fi ń pín tirẹ̀: lẹ́tà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ìlànà V.42 wá jáde ní 1988, módẹ́ẹ̀mù tó ń lò ó ń bọ́ bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí kúrò kó tó fi dátà sórí wáyà. Ìdí nìyẹn tí ìwé tó ní mẹ́jọ àti èyí tó ní mẹ́wàá fi lè jàre méjèèjì. Ọdún tí wọ́n kọ wọ́n ni kí ẹ wò.

Ti okùn ńlá àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. T1 ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, ń kó ohùn 24 pọ̀, bíìtì mẹ́jọ fún ohùn kọ̀ọ̀kan, bíìtì kan sì lé e: 193, ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó di 1,544,000. E1 ti Yúróòpù, tí Nàìjíríà náà ń lò, jẹ́ ọ̀nà 32 lọ́nà 64,000: 2,048,000. Ọ̀pọ̀ máa ń rí 2,048 yìí kí wọ́n rò pé 1,024 lọ́nà méjì ni wọ́n fi ṣe é. Kò kàn án rárá. Ẹgbẹ̀rún pípé ni kílò lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù láti ìbẹ̀rẹ̀, 256,000 báìtì ni E1.

Àwọn tó ń ṣe mẹ́mórì ló ń ka kílò sí 1,024. Àwọn tó ń ṣe díìsìkì ń ka 1,000. Àjọ IEC gbìyànjú láti là wọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1990 pẹ̀lú kibi àti mebi, ìwọ̀nba èèyàn ló ń lò wọ́n. Apple bọ́ sí 1,000 ní ọdún 2009. Windows ṣì ń ka 1,024.

Lónìí, mẹ́gábíìtì ni wọ́n fi ń polówó ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, gígábáìtì ni wọ́n sì fi ń ta dátà fún wa. Bí wọ́n bá ní 100 mẹ́gábíìtì, ẹ fi mẹ́jọ pín in: mẹ́gábáìtì 12.5, tí Windows yóò kọ ní 11.9. Kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ níbẹ̀.