Àpótí Háàdì Díráìfù Onífáànù: Bí A Ṣe Lè Yẹ̀ Ẹ́ Wò ní Boundary

Àpótí háàdì díráìfù onífáànù ni ilé onírin tàbí oníke tí a ń ki háàdì díráìfù sí, tó ní fáànù tirẹ̀ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lára díráìfù náà, tí a sì ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta. Boundary, níbi tí Apapa ti parí tí Ajegunle sì bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ ibi tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti ń rí ìdánwò gidi, nítorí pé ooru, eruku àti iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ló pàdé níbẹ̀. Àwọn tó nílò rẹ̀ kò kéré: àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú, àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké, àwọn aṣojú tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Apapa, àti ilé ìgbohùnsílẹ̀ àwọn olórin. Ajegunle ni orin galala ti gbilẹ̀ kí àwọn olórin bíi Daddy Showkey tó gbé e káàkiri Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1990. Orí díráìfù ni irú iṣẹ́ ohùn bẹ́ẹ̀ ń sùn lóde òní.

Díráìfù àkọ́kọ́ tí IBM gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1956 ní àwo 50, lẹ́tà àti àmì mílíọ̀nù 5 péré ló sì ń gbà. Ti òde òní kéré gan-an, ṣùgbọ́n àwo ṣì ń yí nínú rẹ̀, ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó jẹ́ íǹṣì 3.5 máa ń jẹ iná tó wáàtì 6 sí 10 bó bá ń ṣiṣẹ́, ooru sì ni gbogbo rẹ̀ ń dà níkẹyìn. Èyí tó jẹ́ íǹṣì 2.5, irú èyí tí a ń fi sínú láàpútọ́ọ̀pù, kì í sábà jẹ ju wáàtì 2 tàbí 3 lọ. Ibí yìí ni kí ẹni tó fẹ́ ra àpótí ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀. Díráìfù kékeré kò nílò fáànù. Àpótí alumíníọ́mù tó fara kàn án dáadáa ti tó o. Díráìfù ńlá tó wà nínú àpótí oníke tí kò ní ihò ni ooru ń há mọ́.

Fáànù kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù. Kò lè mú díráìfù tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ, ó kàn ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀ ni. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọ̀sán Èkó a máa tó 33°C níta, abẹ́ páànù tí kò ní àjà sì ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe díráìfù fi 60°C ṣe òpin. Ìwádìí tí àwọn òṣìṣẹ́ Google gbé jáde ní 2007, lórí díráìfù tó lé ní 100,000, fi hàn pé ooru kò pa díráìfù tó bí àwọn ènìyàn ti rò, àfi nígbà tí ooru náà bá pọ̀ gan-an, pàápàá lára díráìfù tó ti lo ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fi ìwádìí yìí sọ pé owó fáànù ṣòfò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ fún Boundary: gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣọ́ ooru tọ̀sán-tòru ni Google ti wọn tiwọn, ọ̀pọ̀ díráìfù tó wà lọ́wọ́ wa sì ti gbó kí a tó rà á.

Ẹ̀rí èyí wà ní èbúté wa fúnra rẹ̀. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kópa nínú rẹ̀ ní 2015 àti 2016 rí i pé tọ́ọ̀nù 60,000 sí 71,000 ohun èlò oníná àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dọọdún, inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù sí. Nítorí náà, kí a tó yẹ àpótí wò, kí a yẹ díráìfù wò. CrystalDiskInfo lórí Windows tàbí smartctl lórí Linux á fi iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ hàn, á fi àwọn ibi tó ti bàjẹ́ lára àwo rẹ̀ hàn, á sì fi ìwọ̀n ooru rẹ̀ hàn.

Irinṣẹ́ kan náà ló ń dán fáànù wò. Ní ọ̀sán, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a da fáìlì ńláńlá sórí díráìfù fún wákàtí kan, kí a kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀. Kí a jẹ́ kí ó tutù, kí a pa fáànù, kí a tún un ṣe. Bí ìyàtọ̀ kò bá ju díẹ́gíríì méjì tàbí mẹ́ta lọ, fáànù náà kàn ń pariwo ni, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò gba ara díráìfù kọjá. Àwọn àpótí kan wà tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rí ìwọ̀n ooru rárá. Ẹ má ra irú wọn. Fáànù mílímítà 40 ní láti yí kíkankíkan kó tó fẹ́ afẹ́fẹ́ tó nǹkan, ariwo rẹ̀ yóò sì wọnú makirofóònù. Ti mílímítà 80 dára jù fún ilé ìgbohùnsílẹ̀.

Eruku ni gbèsè tí fáànù ń dá síni lọ́rùn. Èéfín tírélà tó ń lọ sí èbúté, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti eruku ọyẹ́ ni fáànù ń fà wọlé, wọ́n á sì bo pátákó oníná ara díráìfù, tí ooru kò fi ní rọrùn láti jáde. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà àti òkun tún ń mú ọ̀rinrin oníyọ̀ wá, èyí tí ń jẹ ẹnu okùn. Àpótí tó ní fóòmù tí a lè yọ fọ̀ ní ẹnu ihò rẹ̀ ló yẹ ká wá.

Ọ̀ràn iná ló wá burú jù, òun ni àwọn olùtajà kì í sì í mẹ́nu bà. USB 3.0 kò lè fún díráìfù ju wáàtì 4.5 lọ, nítorí náà àpótí íǹṣì 3.5 ní láti ní ṣájà fóòtì 12 tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì á gbé láàpútọ́ọ̀pù dúró, ṣùgbọ́n àpótí á kú láàárín iṣẹ́, fáìlì tó ń kọ á sì bàjẹ́. Ìdí nìyí tí mini UPS onífóòtì 12, ẹ̀rọ kékeré tó ní bátìrì tirẹ̀, fi ṣe pàtàkì ju fáànù fúnra rẹ̀. Kí ó lè gbé áńpíà 2, torí ìgbà tí àwo bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí ni díráìfù ń fa iná jù.

Ẹni tó ń fi díráìfù íǹṣì 3.5 ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ ní Boundary, kó ra àpótí alumíníọ́mù onífáànù mílímítà 80 pẹ̀lú mini UPS, kó sì máa fọ fóòmù rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó ń lo íǹṣì 2.5, kó fi owó fáànù kún owó díráìfù kejì, kó da ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sórí díráìfù kejì náà lónìí, kó sì gbé e sí ilé mìíràn.