Ọ̀tún Là Ń Kọ́kọ́ Kà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́ ná. Bí wọ́n bá ní kí function kan dá nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa ń rò pé ọgbọ́n òyìnbó ni, àbí? Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa níbí, níbi tí igi ọ̀pẹ kún dẹ́nu, àwọn babaláwo ti ń ṣe é kí kọ̀ǹpútà tó dáyé.

Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ló ní, ọ̀tún àti òsì, awẹ́ mẹ́rin lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé. Ẹsẹ̀ kan lè yọ ní ọ̀nà 16. Méjèèjì papọ̀ jẹ́ 16 lọ́nà 16, ìyẹn 256. Kí babaláwo tó ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ ló ti mọ irú èsì tó ń bọ̀: méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe mẹ́ta. Ọ̀tún ló sì ń kọ́kọ́ kà. Bí Ogbè bá wà lọ́tùn-ún tí Ọ̀yẹ̀kú wà lósì, Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú ni. Ẹ yí i padà, ó di Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè: odù mìíràn, ẹsẹ̀ Ifá mìíràn.

Nígbà tí Dennis Ritchie ṣe èdè C ní Amẹ́ríkà ní 1972, ohun kan ṣoṣo ni function rẹ̀ ń dá padà. Ẹni tó bá fẹ́ méjì á di wọ́n pọ̀ sínú struct. Láàárín àwọn ọdún 1970 yẹn náà, Robin Milner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh ṣe ML, níbi tí a ti lè kọ int * int. Go jáde ní 2009, ó gbà ká kọ (int, error). C# gba tuple tirẹ̀ ní 2017.

Ṣùgbọ́n ibi tí wàhálà wà rèé. Ká ní function kan ń dá máàkì Maths àti Physics padà, (int, int). Akẹ́kọ̀ọ́ gba 65 nínú Maths, 38 nínú Physics. Bí ẹnì kan bá gbà wọ́n sódì, compiler ò ní pariwo, torí int ni méjèèjì. Ọmọ ọlọ́mọ á wá gbé carry-over Maths tó ti yege!

Ìdí nìyí tí ìkéde irú èsì nìkan ò fi tó. Ẹ fún apá kọ̀ọ̀kan lórúkọ. C# gbà ká ṣe é nínú tuple. Java gbé record jáde fún irú iṣẹ́ yìí ní 2021. Babaláwo kì í dá Ifá kó má mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Kí code tiwa náà mọ̀ ọ́n.