Kí La Ń Pè Ní Ọ̀kan Náà? Ìtàn Irinṣẹ́ Ìfiwéra Dátábéèsì

Ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun: èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Òwe yìí fi ìjọra ṣáájú ìfiwéra. Ẹni tí yóò fi nǹkan méjì wéra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ohun tó ń pè ní ìjọra, orí ìpinnu yẹn sì ni gbogbo ìtàn àwọn irinṣẹ́ tó ń fi dátábéèsì wéra dá lé. Dátábéèsì báńkì tàbí ilé ìwòsàn kì í jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo: ọ̀kan wà tí àwọn oníbàárà ń lò, ọ̀kan wà fún ìdánwò, òmíràn wà nípamọ́ de ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Bọ́jọ́ ti ń gorí ọjọ́, wọn a máa yà kúrò lọ́nà ara wọn, nínú ìgbékalẹ̀ àtẹ tàbí nínú dátà tó wà nínú àtẹ. Irinṣẹ́ ìfiwéra ló ń sọ ibi tí wọ́n ti yà. Nígbà tó bá wá pariwo ìyàtọ̀ níbi tí kò sí, tàbí tó dákẹ́ níbi tí ìyàtọ̀ wà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí oníṣẹ́ lọ́kàn ni pé irinṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Ẹ̀rí nǹkan bí àádọ́ta ọdún fi hàn pé ohun mìíràn ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀: ìtumọ̀ ‘ọ̀kan náà’ tó wà nínú irinṣẹ́ kò bá èyí tó wà lọ́kàn ẹni tó ń lò ó mu.

Orí fáìlì lásán ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, Douglas McIlroy kọ prógírámù tó ń jẹ́ diff, èyí tó bá ẹ̀dà karùn-ún Unix jáde ní 1974. Ní 1976, òun àti James Hunt ṣàlàyé ọgbọ́n ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀: wá ìlà tó pọ̀ jù lọ tí fáìlì méjèèjì jọ ní, tí wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn bákan náà, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ìyàtọ̀. Ní 1985, Larry Wall ṣe patch, tó ń gba ìyàtọ̀ tí diff rí, tó sì ń fi í sọ fáìlì àtijọ́ di tuntun. Lọ́dún kejì, Eugene Myers gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde tó ń yára gan-an nígbà tí ìyàtọ̀ bá kéré, ọ̀nà yẹn sì ni Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà prógírámù, ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yan òmíràn fún un. Ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo wọn gbà: ìlà méjì jẹ́ ọ̀kan náà bí lẹ́tà inú wọn bá bára mu láìku ẹyọ kan, fáìlì méjì sì jẹ́ ọ̀kan náà bí ìlà wọn bá tò bákan náà. Fún ẹni tó ń kọ prógírámù, ìtumọ̀ yìí tọ́, nítorí pé bí ìlà prógírámù bá yí ipò padà, iṣẹ́ tó ń ṣe lè yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Òfin ti dátábéèsì yàtọ̀. Ní 1970, Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose ní California, tẹ àpilẹ̀kọ tó fi ìpìlẹ̀ dátábéèsì alátẹ lélẹ̀. Nínú ètò rẹ̀, bí ìlà ṣe tẹ̀ lé ara wọn nínú àtẹ kò já mọ́ nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ tí ìlà méjì kò lè jọ ní la fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ẹni tó bá tú àtẹ méjì sínú fáìlì, tó wá fi diff wò wọ́n, lè rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyàtọ̀ láàárín dátà tí kò yàtọ̀ rárá, kìkì nítorí pé sáfà kejì to ìlà tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Irinṣẹ́ ìfiwéra dátà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ so ìlà mọ́ ìlà kó tó wo inú wọn. Níbẹ̀ náà, yíyàn kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ènìyàn nínú. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà tí sáfà kọ̀ọ̀kan ń pín fúnra rẹ̀ ni a fi ṣe kọ́kọ́rọ́, ìlà 501 níhìn-ín lè jẹ́ ti oníbàárà kan, kí ìlà 501 lọ́hùn-ún jẹ́ ti ẹlòmíràn pátápátá. Irinṣẹ́ náà yóò ní ohun tó wà nínú gbogbo òpó (ìlà òòró) àtẹ náà yàtọ̀, òótọ́ ló sì sọ. Nọ́ńbà àkáǹtì, tí kò yí padà láti sáfà dé sáfà, ló yẹ kí wọ́n fún un.

Ìfiwéra ìgbékalẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Ìlànà SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ti 1992 ní kí dátábéèsì máa ròyìn àtẹ àti òpó tó wà nínú rẹ̀ síbi kan tó ń jẹ́ INFORMATION_SCHEMA. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn irinṣẹ́ ìgbékalẹ̀ ń kà. Red Gate, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cambridge ní 1999, di ìlú mọ̀ọ́ká nípasẹ̀ SQL Compare, tó ń fi ìgbékalẹ̀ méjì wéra, tó sì ń kọ àṣẹ tí yóò mú ọ̀kan bá èkejì dọ́gba. Orúkọ ni irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń mọ nǹkan, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá yí orúkọ òpó kan padà láti ‘adirẹsi’ sí ‘ibugbe’, ohun tí irinṣẹ́ rí ni pé òpó kan ti pòórá, òmíràn ti yọjú. Àṣẹ tó máa kọ ni pé kí wọ́n pa ti àtijọ́ rẹ́, kí wọ́n ṣe tuntun, gbogbo àdírẹ́sì inú rẹ̀ a sì lọ. Ìdí nìyí tí irinṣẹ́ Microsoft fún SQL Server fi ń kọ ìyípadà orúkọ sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ refactorlog: ìfiwéra nìkan kò lè mọ ohun tí ènìyàn ní lọ́kàn. Ariwo asán wà pẹ̀lú. Òfin àtẹ tí ẹnikẹ́ni kò sọ lórúkọ, SQL Server á fún un lórúkọ tó parí sí lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ní bá ti sáfà kejì mu, irinṣẹ́ á sì kà á sí ìyàtọ̀ bí a kò bá ní kó fojú fò ó. Nínú ọ̀pọ̀ dátábéèsì, àkójọ náà kì í sì í fi ohun tí oníṣẹ́ kò ní àṣẹ sí hàn án, tó fi jẹ́ pé àtẹ tí irinṣẹ́ ní kò sí lè wà níbẹ̀ digbí.

Nígbà tí dátà pọ̀ ju ohun tí a lè kó kọjá lórí wáyà lọ, wọ́n dá ọgbọ́n mìíràn: ẹ má fi dátà wéra, ẹ fi nọ́ńbà kúkurú tí a ṣírò láti inú rẹ̀ wéra, èyí tí wọ́n ń pè ní checksum. Ralph Merkle ti dábàá ní 1979 pé kí a to irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní ìpele-ìpele, kí nọ́ńbà òkè máa dúró fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 1996, Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ní Ọsirélíà gbé rsync jáde, tó ń fi checksum mọ apá fáìlì tó yẹ kó fi ránṣẹ́. Ní 2007, Amazon ṣàlàyé bí Dynamo, ètò ìtọ́jú dátà tirẹ̀, ṣe ń lo ètò Merkle láti mọ ibi tí ẹ̀dà dátà ti yàtọ̀ láìkó gbogbo rẹ̀ kiri. Fún dátábéèsì MySQL, pt-table-checksum tó wà nínú Percona Toolkit ń pín àtẹ sí wẹ́wẹ́, ó sì ń rán àṣẹ ìṣirò gba ojú ọ̀nà tí dátà fúnra rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀dà, kí gbogbo wọn lè ṣírò lórí ipò kan náà bí dátà tilẹ̀ ń yí padà lọ́wọ́. Àmọ́ checksum mú ìtumọ̀ ‘ọ̀kan náà’ le sí i, torí pé ohun tó kéré jù lọ ń yí i padà. Nọ́ńbà onídẹ́símà tí sáfà méjì tú jáde lọ́nà tó yàtọ̀ díẹ̀ ti tó, ìdí nìyẹn tí irinṣẹ́ náà fi ní àṣàyàn tó ń jẹ́ kí a dín dẹ́símà kù. Àwọn tó kọ ìwé ìtọ́ni MySQL náà kìlọ̀ pé bí àtẹ bá kúrò lórí ẹ̀dà 5.5 bọ́ sórí 5.6, checksum rẹ̀ lè yí padà, torí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú ọjọ́ àti àkókò yí padà. Dátà kò yàtọ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ ló yàtọ̀.

Òpó tí kò ní nǹkan nínú, èyí tí SQL ń pè ní NULL, tún ṣòro jùyẹn lọ. Nínú SQL, NULL kò dọ́gba pẹ̀lú NULL, kò sì yàtọ̀ sí i. Ìdáhùn tí dátábéèsì ń fúnni ni pé òun kò mọ̀. Ẹni tó bá kọ àṣẹ pé kí wọ́n mú gbogbo ìlà tí nọ́ńbà fóònù wọn kò bá dọ́gba wá, kò ní rí ìlà tí fóònù wà níhìn-ín ṣùgbọ́n tó jẹ́ NULL lọ́hùn-ún. Ìyàtọ̀ tó hàn sójú kedere lá sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, nínú dátábéèsì kan náà, àṣẹ EXCEPT ka NULL méjì sí ọ̀kan náà. Ìlànà SQL ti 1999 fi IS DISTINCT FROM wá ojútùú sí i, ṣùgbọ́n ó di 2022 kí SQL Server tó ní in. Oracle ní tirẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan di NULL, nígbà tí PostgreSQL ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń kó dátà láàárín àwọn méjì yìí, tí kò sì kọ́kọ́ pinnu ohun tí òfìfo jẹ́ fún un, yóò ka ìyàtọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àwọn kan yóò ní kí a pa gbogbo àríyànjiyàn yìí tì, kí a máa fi báìtì wé báìtì, torí pé báìtì kì í purọ́. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ta ko wọ́n. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, ní àmì ẹyọ kan fún ọ, ó ní òmíràn fún ó, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ọ́ tó ní àmì ohùn lókè àti àmì nísàlẹ̀. Ẹni kan lè kọ ọ kó fi àmì ohùn sórí rẹ̀, tí ìyẹn jẹ́ báìtì 5 ní UTF-8. Ẹlòmíràn lè kọ ó kó fi àmì sábẹ́ rẹ̀, kó jẹ́ báìtì 4. Lójú òǹkàwé, lẹ́tà kan náà ni. Lójú irinṣẹ́ tó ń ka báìtì, orúkọ Adébọ́lá nínú àtẹ kìíní kì í ṣe Adébọ́lá inú àtẹ kejì. Unicode ti ṣètò ọ̀nà tí a fi ń sọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan kí a tó fi wéra, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n lò ó. Aṣìṣe òdìkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2018 tí MySQL 8.0 ti jáde, ìlànà ìfiwéra tó ń lò bí a kò bá yan òmíràn kì í ka àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí. Lójú rẹ̀, Ṣọlá àti Sola dọ́gba. Bí ẹ̀dà kan bá ti pàdánù gbogbo àmì orúkọ inú rẹ̀, àṣẹ ìfiwéra tó lo ìlànà yìí yóò ròyìn pé àlàáfíà ni.

Títò lẹ́sẹẹsẹ náà ń dá irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ń to àtẹ méjèèjì, wọ́n á wá máa rìn lórí wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2018, glibc, àkójọ prógírámù tí PostgreSQL sábà máa ń gbára lé láti to ọ̀rọ̀ lórí Linux, yí ìlànà rẹ̀ padà ní ẹ̀dà 2.28. Lábẹ́ ètò Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, ‘11’ ṣáájú ‘1-1’ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ‘1-1’ ló ṣáájú. Sáfà àtijọ́ àti sáfà tuntun tí dátà wọn kò fi ohunkóhun yàtọ̀ wá ń to ìlà lọ́nà méjì, irinṣẹ́ tó sì gbà pé ètò wọn bára mu á sọ pé ìlà kan ti sọnù, òmíràn ti pọ̀ sí i.

Àtakò kan wà tó lágbára ju ti báìtì lọ. Ní 2003, Martin Fowler àti Pramod Sadalage kọ̀wé lórí bí dátábéèsì ṣe lè máa yí padà díẹ̀díẹ̀ nípa kíkọ ìyípadà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Irinṣẹ́ bíi Liquibase ní 2006 àti Flyway ní 2010 sọ èyí di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Bí gbogbo ìyípadà bá gba inú fáìlì onínọ́ńbà kọjá, ìwúlò wo ni ìfiwéra tún ní? Ìdáhùn mi ni pé fáìlì náà ń sọ ohun tí a pàṣẹ. Kò lè sọ ohun tí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí padà lórí sáfà lóru nígbà tí iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀. Flyway alára ń tọ́jú checksum fáìlì kọ̀ọ̀kan kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tún un kọ lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́, Liquibase sì ní àṣẹ diff tirẹ̀. Irinṣẹ́ tí àtakò yìí gbára lé gan-an ti ní ìfiwéra nínú.

Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí báńkì TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹrin 2018, ó kó dátà àwọn oníbàárà rẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún lọ sórí ètò tuntun. Àwọn alábòójútó ìnáwó sọ pé dátà náà dé láyọ̀, ṣùgbọ́n ètò tuntun náà dàrú lójú ẹsẹ̀. Ó di oṣù kejìlá kí nǹkan tó padà bọ̀ sípò pátápátá, wọ́n sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 48.65 pọ́n-ùn lé báńkì náà ní 2022. Ìfiwéra kò gbà wọ́n, òótọ́ ni. Kò sì ṣèlérí pé yóò gbà wọ́n. Pé dátà bára mu jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan péré; bóyá ètò náà lè gbé ẹrù rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè mìíràn tó nílò ìdánwò tirẹ̀. Ẹni tó bá fi ìdáhùn ti àkọ́kọ́ dáhùn èkejì ti yí ìtumọ̀ ‘ọ̀kan náà’ padà láìfura.

Nítorí náà, nígbà tí èsì ìfiwéra bá rúni lójú, ó tọ́ kí àyẹ̀wò kan gbogbo ibi tí ìtàn náà gbà kọjá. Kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àṣẹ tí a fi wọlé gbà wá láyè láti rí. Lẹ́yìn náà, kí a bi kọ́kọ́rọ́ léèrè, kí a bi ètò títò léèrè, kí a bi NULL, lẹ́tà, dẹ́símà àti àkókò léèrè, kí a tó dá irinṣẹ́ lẹ́bi. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí wà ní kíkọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó mọ ìtumọ̀ dátà náà: akọ̀wé báńkì, nọ́ọ̀sì, alákòóso ìwé orúkọ. Orúkọ ènìyàn, owó wọn àti àkọsílẹ̀ àìsàn wọn ló wà nínú àtẹ wọ̀nyẹn. Èsì tí kò sọ ohun tó kà sí ọ̀kan náà kò tó ohun tí a fi ń pa ìlà kan ṣoṣo rẹ́.